Láàbù méjì, èsì méjì: èwo ni kí n gbà gbọ́ lórí ìtọ̀ mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Adátán ni mo ń gbé, ìsọ̀ mi wà ní Láfẹ́ńwá. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìtọ̀ ti ń ta mí bí mo bá ń tọ̀, ojú ara mi sì tún ń yún mi. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ mo tọ̀ sínú ike omi kan, mo ti fọ ike náà dáadáa tẹ́lẹ̀, mo gbé e sínú báàgì lọ sọ́jà. Nígbà tí láàbù tó wà nítòsí wa ṣí ní aago mẹ́sàn-án, mo gbé e fún wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní mo ní infection, wọ́n kọ pus cells àti protein, wọ́n tún ní Staph wà nínú rẹ̀. Mo ra Ampiclox ní kẹ́mísì, mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìtọ̀ náà kò ta mí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ yíyún yẹn kò lọ. Mo wá lọ sí láàbù mìíràn láìtíì dá oògùn náà dúró, àwọn yẹn ní kò sí nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi ní owó lásán ni àwọn oníláàbù ń gbà, pé kí n ra àgbo Staph. Ta ló purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ṣé kí n tún ṣe ẹ̀kẹta? Mo ya àwòrán èsì méjèèjì ránṣẹ́ sí yín. Èmi ni Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ara ríro, ẹ sì kú ìnáwó. Oníláàbù ni èmi náà, mo sì wo èsì méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tí mo rí nínú wọn tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ìtọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Èyí àkọ́kọ́ ti bá nǹkan mìíràn pàdé lọ́nà kí ó tó dé orí tábìlì wọn, èkejì sì jáde lára yín nígbà tí oògùn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí oníláàbù bá rí nínú ike ló ń kọ. Kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtọ̀ náà láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín àti káńtà rẹ̀ bí kò bá béèrè, tí ẹ̀yin náà kò sì sọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù láàbù àkọ́kọ́ yẹn: ó yẹ kí wọ́n bi yín ní aago tí ẹ tọ̀ ọ́ àti ohun tí ẹ tọ̀ sí, kí wọ́n sì fún yín ní ike tiwọn. Ìdajì iṣẹ́ àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹni tó ń tọ̀ ló ń ṣe é, bí ìdajì yẹn bá sì ti bàjẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe.

Ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn dání, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ pus cells, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ọyún, 8–10 sí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni epithelial cells, wọ́n sì fi +++ síwájú rẹ̀. Ìlà yìí ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló ń sọ fún wa bóyá ìyókù èsì ṣeé gbára lé. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n fẹ̀, wọ́n sì pọ̀ lára awọ ojú ara obìnrin àti ẹnu ọ̀nà ìtọ̀. Kì í ṣe inú kíndìnrín ni wọ́n ti ń bọ́, kì í sì í sábà jẹ́ inú àpò ìtọ̀. Bí a bá rí wọn rẹpẹtẹ báyìí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, a mọ̀ pé ìtọ̀ náà ti fọ ara kọjá kí ó tó bọ́ sínú ike. Ohun yòówù tó bá wà lára níbẹ̀ ló máa gbé lọ: àwọn kòkòrò tó ń gbé níbẹ̀ tí kì í ṣe wá ní nǹkan kan, ohun tó ń dà lójú ara, ọyún àti pùrótéènì inú ohun tó ń dà náà. Bí èèyàn bá fi korobá oníyanrìn fa omi, kò lè torí iyanrìn ìsàlẹ̀ korobá dá kànga lẹ́bi.

Nítorí náà, pus cells 8–10 tí ẹ rí yẹn, ó lè jẹ́ láti inú àpò ìtọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ láti ojú ara. Ìwé yẹn kò lè sọ èwo. Bákan náà ni protein + tó wà níbẹ̀. Ohun tó ń dà lójú ara nìkan tó láti mú kí sítíríìpù, ìyẹn pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ inú ìtọ̀, yí àwọ̀ padà níbi protein, ọ̀pọ̀ aboyún ni ọkàn wọn sì ti fò lásán nítorí èyí, wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ti dé. Nígbà tí wọ́n gba ìtọ̀ mìíràn bó ṣe yẹ, kò sí protein níbẹ̀ mọ́. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú protein nínú ìtọ̀ o, pàápàá aboyún. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtọ̀ tó mọ́ ni kí a fi mọ̀ bóyá ó wà.

Ike omi tí ẹ lò náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fọ̀ ọ́, mo gbà. Àmọ́ fífọ̀ nílé kò pa kòkòrò inú ike, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fi fọ̀ ọ́ lè kù síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Jik ni ẹnìkan fi ṣan án, tí díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀, sítíríìpù lè kọ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kò sí ṣúgà, tí kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ike mínírà ni, ṣúgà inú mínírà lè dúró sí ibi tí ọmọrí ti ń lọ́, ìtọ̀ ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ á wá di ti alátọ̀gbẹ. Ike tí a ti ròpọ̀ àgbo sí rí kò dára rárá. Ike kékeré tí láàbù ń fúnni, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ọmọrí rẹ̀ ń lọ́ pa pinpin, tí kò tíì sí ẹni tó ṣí i, òun ni ti àyẹ̀wò yìí. Bí láàbù bá ní kí ẹ lọ wá ike fúnra yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn iye tí ike tiwọn jẹ́, kí ẹ rà á.

Èyí tó burú jù nínú ìrìn àjò ìtọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni wákàtí mẹ́ta tó fi wà nínú báàgì. Ìtọ̀ jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò, ooru Abẹ́òkúta sì ń bá wọn ṣe é. Bí ó bá ti móoru tó, kòkòrò kan lè pín di méjì láàárín bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣírò rẹ̀. Ká ní 1,000 péré ni kòkòrò awọ ara tó bọ́ sínú mililítà kọ̀ọ̀kan ní aago mẹ́fà. Ní aago mẹ́sàn-án wọ́n ti di 64,000. Bí láàbù bá tún gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì fún wákàtí kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ó di 256,000. Iye tí a ń lò láti ìgbà iṣẹ́ dókítà Kass ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956 láti fi sọ pé kòkòrò wà nínú àpò ìtọ̀ lóòótọ́ ni 100,000 nínú mililítà kan. Ẹ ti rí i bí ìtọ̀ tí kò ní àrùn ṣe lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá ààlà náà nínú báàgì.

Kì í ṣe kòkòrò nìkan ló ń yí padà. Bí ìtọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, alátọ̀gbẹ á wá rí èsì pé kò sí ṣúgà. Wọ́n á sọ yúríà di amóníà, ìtọ̀ á máa rùn tì-ì-tì, á sì di alkaline. Nínú irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa àti funfun máa ń bẹ́, àwọn nǹkan gígùn tí à ń pè ní casts, tó máa ń jẹ́rìí sí àrùn kíndìnrín, á yọ́ dànù. Ìtọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n bí a bá gbé e sínú oòrùn, bilirubin inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ojú pọ́n, á ṣá. Bí a ṣe lè rí àrùn tí kò sí, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè pàdánù èyí tó wà. Òfin tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé kí ìtọ̀ dé ọwọ́ oníláàbù láàárín wákàtí kan, kí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wákàtí méjì tó pé. Ohun tó dára jù fún ẹni tó ń gbé Adátán tó sì fẹ́ lo láàbù Láfẹ́ńwá ni kí ó lọ tọ̀ ọ́ sí láàbù gan-an. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e sínú fìríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má gbé e sínú firísà, nítorí sẹ́ẹ̀lì á bẹ́ bí ó bá dì. Nínú òtútù yìí, ìtọ̀ tí a fẹ́ gbin kòkòrò inú rẹ̀, ìyẹn kí a mú un hù ní láàbù, lè dúró tó wákàtí mẹ́rìnlélógún. Fìríìjì tí iná ti lọ lórí rẹ̀ láti òru kò sí nínú ohun tí mò ń sọ. Kúlà kékeré tí pure water dídì wà nínú rẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹ sọ fún láàbù pé inú òtútù ni ìtọ̀ náà ti ń bọ̀, nítorí òtútù máa ń mú kí iyọ̀ inú ìtọ̀ dì, kí ó sì dà bí ẹni pé ìtọ̀ náà dọ̀tí. Àwọn láàbù kan tún ní ike tí boric acid wà nínú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fún yín ní irú rẹ̀, ẹ má da lulú inú rẹ̀ nù, ẹ tọ̀ ọ́ dé ojú ìlà tí wọ́n fà sí i lára. Bí ìtọ̀ bá kéré, oògùn náà á le jù, á sì pa kòkòrò tí à ń wá.

Ọ̀rọ̀ Staph wá kàn. Orúkọ yìí ti da ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn rú nílùú yìí. Bí ẹ bá gba Pánsẹ́kẹ̀ tàbí Kútọ̀ kọjá, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi gbohùngbohùn ta àgbo, bí ẹni pé àìsàn kan ṣoṣo ni, tó ń rìn káàkiri inú ara, tí kò sì ní í lọ bí kò bá ṣe oògùn tiwọn. Oríṣiríṣi kòkòrò ló ń jẹ́ Staphylococcus. Imú àti awọ ara ni wọ́n ń gbé, lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà. Staphylococcus aureus tó wà nínú ìwé yín kì í sábà fa àrùn ọ̀nà ìtọ̀. Escherichia coli, tó ń ti inú ìfun wá, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ. Ọmọ ìyá aureus tó ń jẹ́ Staphylococcus saprophyticus ló máa ń dààmú àpò ìtọ̀ àwọn ọ̀dọ́bìnrin lóòótọ́. Bí aureus bá hù nínú ìtọ̀ tí a gbà dáadáa, kí dókítà má fojú kékeré wò ó, pàápàá bí ibà bá wà tàbí bí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára aláìsàn, nítorí ó lè jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń bọ̀. Àmọ́ nínú ìtọ̀ tó wá láti inú ike omi, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, pẹ̀lú epithelial cells +++, ọwọ́ àti awọ ara ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Yàtọ̀ sí èyí, wọn kò kọ iye tí ó hù síbẹ̀, wọn kò sì kọ orúkọ oògùn tó ń pa á àti èyí tí kò ràn án. Èsì tí kò ní iye, tí kò sì ní oògùn, kò tó láti fi ra Ampiclox.

Ampiclox yẹn ló wá ba àyẹ̀wò kejì jẹ́. Ọ̀nà ìtọ̀ ni ampicillin inú rẹ̀ ń gbà jáde lára, nítorí náà ó máa ń pọ̀ gan-an nínú ìtọ̀ ẹni tó ń lò ó. Bí a bá gbin irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, oògùn inú rẹ̀ lè dí kòkòrò lọ́wọ́ láti hù, láàbù á sì kọ ọ́ pé kò sí. Òótọ́ ni wọ́n kọ: kò sí ohun tó hù. Àmọ́ "kò hù" yàtọ̀ sí "kò sí mọ́ lára". Ọjọ́ mẹ́rin lè fi kòkòrò tó wà pamọ́ láìpa á tán, ọ̀pọ̀ E. coli ni ampicillin kò sì ràn mọ́. Ohun kan tún wà tí kẹ́mísì kì í sábà sọ fún àwọn obìnrin. Àwọn kòkòrò dáadáa kan wà lójú ara tí kì í jẹ́ kí olú (fungus) tó ń jẹ́ candida ráàyè. Irú oògùn báyìí máa ń pa wọ́n, candida á sì gbilẹ̀, yíyún á wá pọ̀ sí i dípò kí ó lọ. Bí ìtọ̀ bá ń ta èèyàn, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, àpò ìtọ̀ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Bí ojú ara bá ń yún un, tí nǹkan sì ń dà, àyẹ̀wò ìtọ̀ kọ́ ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Òwú ni wọ́n máa fi gba nǹkan lójú ara, HVS ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ìtọ̀ tún máa ń tani nígbà tí ara ojú ara bá ti bó nítorí yíyún, kí àpò ìtọ̀ má sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro èyí dáadáa, nítorí ó lè jẹ́ pé ibi tí àrùn kò sí ni a ti ń wá a.

Bí a ṣe ń gba ìtọ̀ rèé, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ gba ike lọ́wọ́ láàbù, kí ẹ má tíì ṣí i. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi omi tó mọ́ àti òwú tàbí tíṣù tí kò ní lọ́fínńdà nu ojú ara láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ má dá a padà wá síwájú, kí ẹ sì lo tíṣù mìíràn fún nínù kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta. Ẹ má lo Dettol, ẹ má lo Savlon. Ẹ̀kán wọn nínú ike lè pa kòkòrò, Savlon sì lè mú kí sítíríìpù kọ protein tí kò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ike, ẹ dojú ọmọrí rẹ̀ sókè níbi tó mọ́, kí inú rẹ̀ má kan ilẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan ya ètè ojú ara sọ́tọ̀, ẹ má sì tú u sílẹ̀ títí tí ẹ ó fi gba ìtọ̀ tán. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń jẹ́ kí ọwọ́ kúrò, òun ló sì ń fa epithelial cells +++. Ẹ tọ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ dànù, bí ìgbà tí èèyàn bá ka ení, èjì títí dé àrùn-ún, kí ó fọ ẹnu ọ̀nà. Láìdá ìtọ̀ dúró, ẹ ti ike sábẹ́ rẹ̀, ẹ gba bí 20 mililítà, ìyẹn tó ìdajì tàbí kí ó lé díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ike tí a ń lò. Ẹ mú un kúrò kí ìtọ̀ tó tán, ẹ tọ̀ ìyókù dànù. Ẹnu ike kò gbọ́dọ̀ kan ara, ìka kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ pa ọmọrí dé pinpin. Orúkọ, ọjọ́ àti aago, ara ike ni kí ẹ kọ wọ́n sí. Ẹ má kọ wọ́n sí ọmọrí, nítorí bí wọ́n bá ṣí ike márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà lórí tábìlì, ọmọrí lè pààrọ̀ ara wọn.

Ọkùnrin kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀: kí ó fọ orí okó pẹ̀lú omi, bí kò bá sì tíì dábẹ́ kí ó fa awọ sẹ́yìn, kí ó tọ̀ díẹ̀ dànù, kí ó gba ti àárín. Ti ọmọ ọwọ́ ló le. Ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọmọ lára dára fún sítíríìpù, àmọ́ bí kòkòrò bá hù nínú ìtọ̀ inú rẹ̀, kò ṣeé gbára lé, awọ ìdí ọmọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ìyá fọ ọmọ náà, kí ó fún un ní omi ọyàn, kí ó ṣí i sílẹ̀ pẹ̀lú ike lọ́wọ́, kí ó gbá ìtọ̀ mú bó ṣe ń jáde. Kò gbọ́dọ̀ fún ìtọ̀ jáde láti inú dáyápà tàbí òwú. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jẹ́ pàjáwìrì, kí ó dúró títí yóò fi dá. Bí kò bá lè dúró, kí ó sọ fún láàbù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ má rò pé ìtọ̀ àárín yìí ló dára fún gbogbo àyẹ̀wò. Fún àtọ̀sí, tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wá kòkòrò rẹ̀ nínú ìtọ̀, ìtọ̀ iwájú gan-an ni wọ́n ń fẹ́, bí 20 mililítà àkọ́kọ́, láìnu ara ṣáájú, lẹ́yìn tí èèyàn kò tíì tọ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Fún àyẹ̀wò oyún, tàárọ̀ ló dára jù, nítorí ó ki. Tàárọ̀ náà ló dára fún nitrite lórí sítíríìpù, torí kòkòrò nílò bí wákàtí mẹ́rin nínú àpò ìtọ̀ kí ó tó ṣe nitrite tí a lè rí. Àtọ̀sí ajá tún yàtọ̀ pátápátá. Àrùn yìí kò jìnnà sí wa, àwọn ará abúlé etí dáàmù Ọ̀yán, tó ń pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ máa ń tọ ẹ̀jẹ̀. Aràn tó ń fà á máa ń yé ẹyin sínú ìtọ̀ jù lọ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, àwọn ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn ìtọ̀ ni ẹyin náà sì pọ̀ sí. Nítorí náà, kí ọmọ náà sáré tàbí kí ó fò díẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó tọ gbogbo ìtọ̀ rẹ̀ tán sínú ike títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn. Bí wọ́n bá gba ti àárín lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, èsì lè sọ pé kò ní in nígbà tí ó ní in.

Bí dókítà bá ní kí ẹnìkan kó ìtọ̀ ọjọ́ kan gbáko, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ìtọ̀ àkọ́kọ́. Ìtọ̀ aago méje àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí ó tọ̀ ọ́ dànù, kí ó kọ aago sílẹ̀. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, títí kan ti òru, kí ó wọ inú kẹ́ẹ̀gì tí láàbù fún un, títí dé aago méje ọjọ́ kejì, kí ó tọ ti aago yẹn náà sínú rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, kí ó sọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ọjọ́ mìíràn.

Ní láàbù, ojú ni a fi ń kọ́kọ́ wo ìtọ̀, lẹ́yìn náà sítíríìpù. Sítíríìpù gbọ́dọ̀ wọ inú ìtọ̀ kó sì jáde lójú ẹsẹ̀, kí a nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ etí ike, kí a mú un ní ìbú kí àwọ̀ kan má ṣàn bọ́ sórí èkejì. Ojú ṣúgà, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pọ̀ ojú yòókù, ọgọ́ta. Ti sẹ́ẹ̀lì funfun, ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹni tó ń ṣe é bá tì í bọ̀ ọ́ tó sì lọ dá aláìsàn mìíràn lóhùn, àwọ̀ á ti pọ̀ jù nígbà tó bá padà dé. Ìgò sítíríìpù tí a kò dé, tí ọ̀rinrin wọ̀, máa ń bàjẹ́ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára, ojú nitrite rẹ̀ sì lè pọ́n fúnra rẹ̀. Fítámì C tó pọ̀ nínú ìtọ̀ lè bo ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ dárúkọ rẹ̀ bí ẹ bá ń mu ún. Fún àwọn tó ń fi ìtọ̀ ṣọ́ àtọ̀gbẹ: ṣúgà kì í sábà dé inú ìtọ̀ títí yóò fi kọjá bí 180 mg/dl nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ìtọ̀ tí kò ní ṣúgà kò tíì sọ pé ẹnìkan kò ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn sítíríìpù, a máa ń yí bí 10 mililítà nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a da omi òkè nù, a wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí a bá fẹ́ gbin kòkòrò, ìtọ̀ tí a kò tíì yí la ń lò, a sì gbọ́dọ̀ ti bù ú kí sítíríìpù tó wọ inú ike. Wáyà olórí róbótó tó ń gba ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mililítà la fi ń tẹ́ ẹ sínú abọ́ oúnjẹ kòkòrò, a gbé e sínú ooru 35 sí 37 fún wákàtí 18 sí 24. Ìdì kòkòrò kọ̀ọ̀kan tó bá hù dúró fún 1,000 nínú mililítà. Bí oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù pọ̀, ìdọ̀tí ni a máa ń kà á sí, a ó ní kí aláìsàn mú ìtọ̀ mìíràn wá. Ọjọ́ kejì ni a ó tó dán oògùn wò lórí èyí tó hù, òun náà yóò sì sun mọ́jú. Nítorí náà, èsì MCS (orúkọ tí a ń pe àyẹ̀wò tí a fi ń wo ìtọ̀, tí a ń gbin kòkòrò rẹ̀, tí a sì ń dán oògùn wò) tó ní oògùn nínú kò lè jáde ní ọjọ́ tí ẹ gbé ìtọ̀ wá, kò sì lè jáde ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fún yín ní irú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ bi í bó ṣe ṣe é.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ ṣe ẹ̀kẹta. Bí ìtọ̀ kò bá ta yín mọ́ rárá, mi ò ní sọ pé kí ẹ gbin ìtọ̀ mọ́. Kòkòrò nínú ìtọ̀ ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kì í sábà nílò oògùn, àfi aboyún àti àwọn díẹ̀ mìíràn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ fún. Nítorí náà, bí nǹkan oṣù yín bá ti pẹ́ dé, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oyún ni. Bí ó bá ṣì ń ta yín díẹ̀díẹ̀, ẹ dá oògùn kẹ́mísì dúró bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kọjá, kí ẹ wá ṣe MCS pẹ̀lú ìtọ̀ tí ẹ gbà ní láàbù. Ohun kejì, tí mo fẹ́ jù fún yín, ni pé kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yẹ ojú ara wò nísinsìnyí nítorí yíyún yẹn, kí wọ́n gba HVS bí ó bá yẹ. Kò sí ìdí láti dúró de èyí. Ti àgbo Staph, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ìyá yín fi sọ ọ́, àmọ́ orúkọ tí ìdọ̀tí kọ sórí ìwé ni yóò wò. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ọtí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò fún kíndìnrín yín. Bí ibà bá gbé yín, tí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn lábẹ́ ìhà ń dùn yín, tí ẹ ń bì, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ní Ìjàyè, FMC ní Ìdí-Abà tàbí Lántòrò, kí wọ́n gba ìtọ̀ kí wọ́n tó fún yín ní oògùn.

Ìwé méjì tí mo wò kò lè jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an. Àwòrán èsì kò ní ara nínú. Èmi kò yẹ yín wò, bẹ́ẹ̀ ni oníláàbù kì í kọ oògùn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìwé méjèèjì kò tíì dáhùn ìbéèrè yín, nítorí náà ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn ra oògùn mọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá máa lọ, ẹ kó àwọn ìwé náà àti páálí Ampiclox dání. Ẹ má tọ̀ fún bí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má sì máa mu omi rẹpẹtẹ kí ìtọ̀ lè tètè gbọ̀n yín, ó ń la ìtọ̀ ni. Ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé àṣẹ Medical Laboratory Science Council of Nigeria wà níbẹ̀. Ní káńtà, ẹ sọ fún wọn pé: "Mo fẹ́ gba ìtọ̀ àárín níbí, ẹ fún mi ní ike tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Mo lo Ampiclox fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ báyìí ni mo lò ó kẹ́yìn." Ẹ dúró kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lójú yín.